Sáfà wo ló dára fún eré ìbọn orí íntánẹ́ẹ̀tì? Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Sábó mọ̀

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Sábó, ì báà jẹ́ ti Ọ̀yọ́ tàbí ti Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn onísúyà ti koná mọ́ ẹran wọn, tí àwọn oníṣòwò sì ń palẹ̀ ọjà mọ́, ìgbà náà ni ogun mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àwọn ọ̀dọ́. Ogun tí kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni. Orí fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n ti ń jà á. Ẹgbẹ́ méjì yóò dojú ìbọn kọ ara wọn, oníkálukú yóò sì wà nínú ilé tirẹ̀: ọ̀kan lè wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èkejì ní Èkó, ẹ̀kẹta ní Jámánì.

Àmọ́ ohun kan wà tó máa ń ba eré yìí jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan yóò rí ọ̀tá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, òun ni yóò kọ́kọ́ yìnbọn, síbẹ̀ òun náà ni yóò kú. Bó tún ṣe jí dìde, bákan náà ni. Kí wákàtí kan tó pé, dátà tó fi owó oúnjẹ rà ti ń tán lọ, inú ti bí i, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń bú u pé kò mọ nǹkan kan ṣe. Òun fúnra rẹ̀ yóò gbà pé ọwọ́ òun ni kò yá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kọ́ ló lẹ́bi. Ibi tó lọ ṣeré ló jìnnà sí i jù, tàbí kó jẹ́ ibi tí kò ní olórí. Ibi náà ni wọ́n ń pè ní sáfà. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yàn án yóò máa san owó tí kò yẹ kó san, yóò sì tún máa fi ìyà jẹ ara rẹ̀.

Rẹfirí tí ojú kò rí

Sáfà kò ju kọ̀ǹpútà kan tó wà níbìkan, tí gbogbo eléré ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni rẹfirí eré. Bí eléré kan bá gbé ẹsẹ̀, bó bá yí ojú, bó bá tẹ ìbọn, ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ yóò ránṣẹ́ sí sáfà. Sáfà yóò gba iṣẹ́ tí gbogbo wọn rán jọ, yóò ṣe ìdájọ́ ẹni tí ọta bà àti ẹni tí ọta kò bà, yóò sì dá èsì padà fún oníkálukú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nínú àwọn eré ìbọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tó wà, gbajúmọ̀ ni Counter-Strike. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ló kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì nígbà náà, Minh Le àti Jess Cliffe, ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 1999, tí wọ́n kọ́ ọ lé orí eré mìíràn tó ń jẹ́ Half-Life. Ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà, tó ni Half-Life, rí i pé ó dára, ó sì gbé e jáde fún títà ní ọdún 2000. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà gbé Team Fortress 2 jáde, èyí tí ènìyàn 24 ti sábà máa ń jà, 12 sí apá kan, 12 sí apá kejì.

Ohun tí Valve ṣe tó yàtọ̀ ni pé wọn kò fi ọwọ́ kan ṣoṣo di eré náà mú. Wọ́n fún gbogbo ayé ní ètò tí ènìyàn lè fi sọ kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ di sáfà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dára lè dá ibùdó eré tirẹ̀ sílẹ̀, kó fún un ní orúkọ, kó ṣe òfin, kó sì yan àwọn alábòójútó. Irú èyí ni à ń pè ní sáfà àwùjọ, kó má baà papọ̀ mọ́ sáfà ilé-iṣẹ́.

Ọmọ Sábó kò nílò àlàyé gígùn lórí irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Láti inú Sabon Gari, tó túmọ̀ sí ìlú tuntun ní èdè Hausa, ni orúkọ Sábó ti jáde. Ibùdó àwọn àlejò tó wá ṣòwò láti òkè Ọya ni ó jẹ́ nínú àwọn ìlú Yorùbá. Ti Ìbàdàn, ọdún 1916 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìlú lọ́ba, síbẹ̀ Sábó ní Séríkí tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ lọ bá bí ìjà bá dé. Àlejò tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́ kì í kàn já wọ ilé tó bá kọ́kọ́ rí. Yóò béèrè ẹni tó ni ibẹ̀, yóò wo àwọn tó ń gbé ibẹ̀, yóò sì fetí sí bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó ṣe yẹ kí a ṣe lórí sáfà náà nìyẹn.

Bí ọ̀nà bá jìn, ọta yóò pẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí eléré wò ni ohun tí wọ́n ń pè ní ping. Òun ni àkókò tí iṣẹ́ kan fi ń lọ láti ọwọ́ eléré dé ọ̀dọ̀ sáfà, kí èsì sì tó padà dé. Mílísẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ni mílísẹ́kọ́ǹdì kan.

Kí ló dé tí ping fi máa ń ga ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Okùn abẹ́ òkun ni ọ̀rọ̀ fi ń lọ láti Èkó sí Yúróòpù. Inú okùn náà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ inú okùn yìí a sì máa sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀kan nínú àwọn okùn náà ni MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, tó lọ láti Pọtogí wá sí Èkó, tí gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi kìlómítà 7,000. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 14,000. Bí a bá pín in, mílísẹ́kọ́ǹdì 70 ni yóò gbà kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ kó sì bọ̀, ká ní kò dúró níbì kankan rárá. Bẹ́ẹ̀, yóò dúró. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti ara fóònù bọ́ sórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó ti ibẹ̀ gba Ìbàdàn tàbí ìlú mìíràn dé Èkó. Bó bá sì dé Pọtogí, yóò tún rìn dé Jámánì tàbí ibòmíràn tí sáfà wà. Ìdí nìyẹn tí ping fi máa ń kọjá 100 dáadáa bí ọmọ Sábó bá lọ ṣeré ní Yúróòpù, nígbà tí ọmọ Jámánì tó ń gbé ní ìlú tí sáfà wà lè má ju 15 lọ.

Kò sí owó tí ènìyàn lè san tó lè mú kí ìmọ́lẹ̀ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ra dátà GB 100 àti ẹni tó ra GB 1, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ èyí, tí wọ́n ń fi owó kún owó, tí ping wọn kò sì yí padà.

Àwọn tó ṣe eré wọ̀nyí gbìyànjú láti tún un ṣe. Sáfà Valve máa ń rántí ibi tí oníkálukú dúró sí ní ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Bí eléré tó wà lókèèrè bá yìnbọn, sáfà yóò dá àkókò padà sẹ́yìn, yóò wo ohun tí ẹni náà rí nígbà tó tẹ ìbọn, kó tó dájọ́. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, àmọ́ ó ní àbùkù tirẹ̀. Òun ló fà á tí ènìyàn fi lè ti sá wọ ẹ̀yìn ògiri tán, kó tún wá gbọ́ pé wọ́n ti pa òun. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe òjóró. Lójú ẹni tó yìnbọn, ó ṣì wà níta.

Ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ bí sáfà bá wà ní Èkó. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó kò tó kìlómítà 300. Àlọ àti àbọ̀ nínú okùn kò ní gbà ju mílísẹ́kọ́ǹdì 3 lọ. Ìyókù di ọwọ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún eléré àti ilé-iṣẹ́ tí sáfà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò bá pàdé ara wọn ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ lè ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kó tó padà sí Èkó. Nítorí irú ìrìn àrìnyíká yìí ni wọ́n ṣe dá ibùdó pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní IXPN, sílẹ̀ ní ọdún 2006, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa pàdé nílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba orúkọ sáfà gbọ́ pé ó wà ní Nàìjíríà. Ping ni kó wò.

Ewu mìíràn tún wà nínú sáfà ọ̀nà jíjìn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etí òkun Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, sáfà tó wà nítòsí níkan ló lè gba ènìyàn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ àkójọ wò

Counter-Strike àti Team Fortress 2 ní àkójọ tí wọ́n to orúkọ àwọn sáfà àwùjọ sí. Níbẹ̀ ni eléré yóò ti rí orúkọ sáfà, iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, pápá tí wọ́n ti ń jà, tí wọ́n ń pè ní máápù, àti ping. Orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò, bẹ́ẹ̀ orúkọ ló sì rọrùn jù láti fi tan ènìyàn. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí eléré to àkójọ náà bí ping ṣe kéré sí, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Sáfà tí ping rẹ̀ kò tó 50 dára gan-an. Èyí tó wà láàárín 50 sí 100 ṣeé fara dà. Bó bá ti kọjá 150, ìyà ni. Kó tún mọ̀ pé ping 120 tó dúró sójú kan sàn ju ping 60 tó ń fò sókè sódò lọ, nítorí ọwọ́ lè mọ́ra pẹ̀lú èyí tó dúró, kò lè mọ́ra pẹ̀lú èyí tí kò dúró.

Lẹ́yìn ping, iye ènìyàn ló kàn. Sáfà tó ṣófo kò wúlò, àmọ́ sáfà tó sọ pé òun kún lè máa parọ́. Àwọn kan máa ń fi bọ́ọ̀tì, ìyẹn eléré tí kọ̀ǹpútà ń darí, kún ilé wọn, tí wọn yóò sì kà wọ́n bí ènìyàn. Kí eléré tẹ orúkọ sáfà náà, kó wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ti lo ogójì ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan, ibi tó dára ni. Bí gbogbo wọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀, kó tètè yà fún ibẹ̀. Valve fúnra rẹ̀, nígbà tó fẹ́ mọ sáfà àwùjọ tó dára fún Team Fortress 2, bí àwọn ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Ẹnu lè parọ́, ẹsẹ̀ kì í parọ́.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Aago Nàìjíríà àti ti Jámánì kò ju wákàtí kan lọ síra wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n sì dọ́gba ní ìgbà òtútù wọn. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ Sábó bá ṣetán ní alẹ́, sáfà Yúróòpù náà ti kún. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Aago New York wà ní wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́yìn tiwa, ó sì di ọ̀gànjọ́ kí ibẹ̀ tó kún. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yan sáfà Amẹ́ríkà ti ta oorun rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni kó wo òfin ilé. Sáfà tó dára máa ń kọ òfin rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Ó ní alábòójútó tó wà lójúfò, tó lè lé olójóró àti elébùú jáde. Ó tan VAC sílẹ̀, ìyẹn ètò tí Valve fi ń mú àwọn tó ń ṣe òjóró láti ọdún 2002. Bí wọ́n bá ń fi àwọ̀ tàbí ẹ̀yà bú ènìyàn níbẹ̀, tí alábòójútó kò sì wí nǹkan kan, alábòójútó náà ló ń bú u. Kó jáde, kó má dá wọn lóhùn. Kó sì ṣọ́ra fún sáfà tó fẹ́ kó ọ̀pọ̀ ẹrù sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tó jẹ́ kó wọlé. Máápù àti àwòrán wọn lè tó ọgọ́rùn-ún MB, orí dátà eléré sì ni gbogbo rẹ̀ ń wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá burú jù. Àwọn sáfà kan máa ń tọrọ owó ìrànwọ́, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí owó ni wọ́n fi ń gbé sáfà ró. Àmọ́ bí wọ́n bá ń ta ìbọn tó lágbára ju ti ẹlòmíràn lọ fún ẹni tó bá sanwó, eré kọ́ nìyẹn mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, nọ́ńbà káàdì báǹkì tàbí àdírẹ́sì ilé, olè ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní alábòójútó. Ó yẹ kí àwọn òbí náà mọ èyí. Kò pọn dandan kí wọ́n mọ ìbọn yìn kí wọ́n tó jókòó ti ọmọ wọn fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n gbọ́ bí àwọn tó ń bá ṣeré ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohùn inú ilé ni a fi ń mọ ilé.

Bí wọn kò bá fún ni láyè ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo eré ló ní sáfà àwùjọ. Call of Duty: Mobile, tó jáde ní ọdún 2019, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń ṣe lórí fóònù, ilé-iṣẹ́ ló ń yan sáfà fún eléré. Team Fortress 2 pàápàá ti ń gbé àwọn eléré tó bá tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ lọ sórí sáfà ilé-iṣẹ́ láti oṣù Keje ọdún 2016, tí sáfà àwùjọ sì wá di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí Séríkí níbẹ̀. Àwọn àjèjì ni yóò pàdé lónìí, àwọn àjèjì mìíràn ni lọ́la. Fún irú eré orí fóònù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó sàn ni kí àwọn ọ̀rẹ́ ṣí yàrá àdáni, kí wọ́n pe ara wọn wọlé.

Sáfà tó súnmọ́ ni jù lọ

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Fásitì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ti wà láti ọdún 1990. Ní Ọ̀yọ́, Fásitì Àjàyí Crowther ti wà láti ọdún 2005. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ kọ̀ǹpútà kò wọ́n ní ìlú méjèèjì, ohun tí Minh Le àti Jess Cliffe ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ètò sáfà Counter-Strike kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì bí gbogbo eléré bá wà nínú ilé kan. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan yóò di sáfà, àwọn yòókù yóò so mọ́ ọn pẹ̀lú okùn tàbí Wi-Fi ráútà kékeré. Dátà kankan kò ní lọ nígbà tí wọ́n bá ń jà, ping kò sì sábà ju 5 lọ. Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà lè gbé e fún ìgbà díẹ̀, ráútà kò sì jẹ iná púpọ̀. Àwọn eré orí fóònù kan wà tó gba irú rẹ̀, bíi Mini Militia, tí fóònù kan yóò tan Wi-Fi, tí àwọn yòókù yóò sì wọlé.

Níbẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba. Ẹni tó bá kú mọ̀ pé lóòótọ́ ni ọwọ́ òun kò yá, yóò sì kọ́ ọ. Olójóró kò ní ibi tó máa sá sí, nítorí wọ́n jókòó ti ara wọn. Ẹni tó bá bú ènìyàn yóò wo ojú ẹni tó bú. Bí wọ́n bá sì ti mọ ara wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè para pọ̀ bí ẹgbẹ́ kan lọ wá sáfà Èkó tàbí ti Yúróòpù, kí wọ́n mọ ping tó kù wọ́n kù àti èyí tó jẹ́ àìmọ̀ọ́ṣe tiwọn. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọkùnrin tó ń ju fóònù sílẹ̀ ní Sábó lálẹ́ òní, kó tó tún ra dátà mìíràn, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáfà rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀.